Ẹja Àrọ̀ Wa Ti Gba Orúkọ ní Java, Ìwé Oúnjẹ Rẹ̀ Kò Sí ní Yorùbá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa déédéé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èdè ni a sábà máa ń rò ní ojú ewé yìí: ọ̀rọ̀ àmì ohùn, ọ̀rọ̀ àwọn tí ojú ń tì láti sọ Yorùbá níwájú ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ń gé kúrú bí ẹni gé ìrù ajá. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹja ni a gbé wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tí ì ṣí ojú ewé náà kọjá. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni. Inú omi ni ó kàn gbà wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa, nítorí òun ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa márùn-ún nínú ẹgbẹ́ dáwó jọ, a ní a ó sin ẹja. Àyè wà ní ẹ̀yìnkùlé àwọn òbí ọ̀kan nínú wa ní Katako. Ẹni tí ó bá mọ Katako mọ̀ pé ẹni tí ó ń wá pákó kò ní wàhálà níbẹ̀. Orúkọ àdúgbò náà gan-an, pákó ni ó ń jẹ́ ní èdè Haúsá. A ra pákó, a kàn án ní onígun mẹ́rin, a tẹ́ tapólì sí inú rẹ̀, a pọn omi kún un, a sì kó ọmọ ẹja àrọ̀ 300 sí i. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fò sókè gba oúnjẹ, ẹ̀ bá rí bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín! Ẹnì kan nínú wa ti ń ṣírò iye tí òun yóò yọ san owó ilé-ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀.

Oúnjẹ inú àpò, èyí tí ó máa ń léfòó, ni a kọ́kọ́ ń fún wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní ọdún 2023, oúnjẹ ẹja ti di ohun tí à ń rà bí ẹni ra wúrà. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ wa, ọ̀kan nínú wa tí ó ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ ilé-ìkàwé lọ, ó mú iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan jáde, iṣẹ́ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lórí oúnjẹ àrọ̀. Ó da àpòpọ̀ inú rẹ̀ kọ sórí ìwé pélébé: ẹja gbígbẹ tí a lọ̀, tó báyìí; ẹ̀wà sóyà, tó báyìí; kúlíkúlí ẹ̀pà, àgbàdo, òróró díẹ̀, èròjà fítámì díẹ̀. A kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta ní Katako. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá yìí, ó sì ti wà ní Jọ́ọ̀sì kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa.

Ìyá bu sóyà náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti yan sóyà yìí?”

A wo ara wa lójú. Nínú ohun tí a dà kọ, kò sí yíyan kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó mú ìwé wá dáhùn pé, “Rárá o, Màmá. Bí ó ṣe wà nínú ìwé náà nìyẹn.”

Ìyá wò wá títí, ó ní, “Ó dáa, ẹ̀yin ni ẹ kàwé,” ó sì lọ̀ ọ́ fún wa.

Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn ẹja wa ń jẹ, wọn kò tóbi. Orí wọn ń pọ̀ ju ara lọ. Àwọn tí ó lágbára nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ ìyá wọn mì. Ọyẹ́ wá dé, wọn kò fẹ́ jẹun mọ́, àwa kò sì dín oúnjẹ kù. Ó ń rà ní ìsàlẹ̀, omi ń rùn. Nígbà tí a fi máa gbọ́n omi náà dànù, àwọn tí ó kù nínú 300 kò tó àádọ́ta. A kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́. A kò rí owó pákó pàápàá.

Nígbà tí ojú wa wálẹ̀, a padà sí ilé-ìkàwé lọ wo ohun tí a kà. Ẹni tí ó kọ iṣẹ́ náà kò purọ́. “Soybean meal” ni ó kọ. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn mọ̀ pé sóyà tí a ti fún òróró rẹ̀ kúrò, tí a sì ti fi iná tọ́jú, ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí. Àwa kà á, a rò pé sóyà lásán tí a lọ̀ kúnná ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni sóyà tútù ní nǹkan kan nínú tí ó máa ń di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní trypsin lọ́wọ́. Trypsin yìí wà nínú omi ìfun ẹja, òun ni ó yẹ kí ó tú púrótéènì oúnjẹ palẹ̀ kí ara ẹja lè rí i lò. Bí a bá yan sóyà dáadáa, iná á pa nǹkan náà. Bí a bá sì yan án títí ó fi jó, iná yóò ba lysine inú rẹ̀ jẹ́, ẹja kò sì ní í rí èrè púpọ̀ jẹ níbẹ̀. Ó ní ìwọ̀n. Àwọn ìyá tí ń ṣe awara àti wàrà sóyà tà ní ìgboro Jọ́ọ̀sì mọ̀ pé a kì í jẹ sóyà ní tútù. Ìyá ẹlẹ́rọ mọ̀ ọ́n. Àwa tí a gbé ìwé dání ni a kò mọ̀, a sì fi ìwé pa ìyá lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀bi yìí, orí wa ni ó wà. A kò dá ẹni tí ó kọ iṣẹ́ náà lẹ́bi, a kò sì dá ilé-ìkàwé lẹ́bi. Ṣùgbọ́n a rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀ tí ó ju ọ̀rọ̀ ẹja lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní èdè àjèjì ni ó pa ẹja wa. Ká ní ẹni tí ó ṣe ìwádìí náà ti kọ ọ́ ní Yorùbá, kò sí bí ì bá ti kọ “sóyà” kí ó má béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé irú sóyà wo. Èdè wa ì bá ti fi dandan mú un sọ pé “sóyà tí a yan, tí a sì fún òróró rẹ̀ kúrò.” Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè láti fi ọ̀rọ̀ kékeré kan bo iṣẹ́ ńlá mọ́lẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ti sóyà nìkan. Lára àpò oúnjẹ ẹja ni ẹ ó ti rí lẹ́tà méjì, CP, àti iye kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi 42 tàbí 45. Àwọn tí ń sin ẹja mọ̀ pé ọ̀rọ̀ púrótéènì ni. Bí iye yìí bá ti ga, wọn á ní oúnjẹ náà dára. Ṣùgbọ́n kí ni C yẹn ń ṣe níbẹ̀? “Crude” ni. Ìyẹn ni pé wọn kò wọn púrótéènì náà gan-an. Nitrogen inú oúnjẹ ni wọ́n wọ̀n, wọ́n wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohunkóhun tí ó bá ní nitrogen ni yóò bá wọn wọ inú ìṣirò náà. Ìyẹ́ adìyẹ tí a lọ̀ yóò gbé iye náà sókè gan-an, ṣùgbọ́n bí a kò bá sè é bí ó ti yẹ, ìfun ẹja kò lè rí i lò. Ní ọdún 2008 ní China, àwọn kan da melamine, kẹ́míkà tí a fi ń ṣe abọ́ àti àwo, mọ́ wàrà kí ìwọ̀n púrótéènì rẹ̀ lè ga lójú àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ọwọ́ kú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ lẹ́tà C kan ṣoṣo yẹn kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye ara àpò rẹ́ òun jẹ. Ta wá ni ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará wa ní èdè tí wọ́n fi ń nájà?

Ẹ má ṣe rò pé ìwádìí ni kò sí o. Ìwádìí pọ̀ bí yanrìn etí òkun. Láti ọdún 1951 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹja sísìn wò ní Oníkan ní Èkó, ẹ̀pìyà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀pìyà kò mú èrè tí wọ́n ń retí wá, ibo ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà gbà? Orí òkè wa níbí ni, ní Panyam, ní ilẹ̀ àwọn Mwaghavul, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ adágún fún ẹja carp tí wọ́n kó láti òkè òkun wá. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ni ó kan ará Plateau nínú ọ̀rọ̀ ẹja, ẹ sọ fún un pé ẹja sísìn ní Nàìjíríà ti jẹ kúnú ní ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí i. Lẹ́yìn ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹja inú odò dúró ní New Bussa lẹ́bàá adágún Kainji. Yunifásítì tí ó wà ní Ìbàdàn, ní Akúrẹ́ àti ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ nípa ẹja. Ilẹ̀ Yorùbá sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọmọ wa ti fi ìdin dán oúnjẹ àrọ̀ wò, wọ́n ti fi ewé mọ̀ríńgà dán an wò, wọ́n ti fi èèpo ẹ̀gẹ́ àti yànmọ̀tí dán an wò. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n dì í, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tí ó ń bọ́ ẹja ní Ìkòròdú tàbí ní Katako kò rí i, bí ó bá sì jàjà rí i, irú ohun tí ó ṣe wá ni yóò ṣe òun náà.

Ẹ wá jẹ́ kí a tẹ̀lé ẹja wa lọ sí ìdálẹ̀, nítorí ẹja wa ti rìn jìnnà ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa lọ. Àrọ̀ tí a ń sọ yìí, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ Clarias gariepinus, ọmọ Áfíríkà ni. Ní nǹkan bí ọdún 1985, ó gba Taiwan dé Indonesia. Wọ́n ní irú àrọ̀ tiwọn tẹ́lẹ̀, lele ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n rí bí tiwa ṣe sanra tó, wọ́n sọ ọ́ ní lele dumbo. Lónìí, àwọn tí ń din lele tà lẹ́bàá ọ̀nà ní erékùṣù Java kò kà á sí àlejò mọ́. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ wọn mú ẹ̀yà rẹ̀ kan tí wọ́n tún ṣe jáde, wọ́n sì fi orúkọ akọni kan nínú ìtàn àtijọ́ àwọn Sunda pè é: Sangkuriang. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni pé New Bussa mú ẹja tuntun jáde, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Mọrèmi! Ní ilé níbí, ẹ̀yà àrọ̀ tí ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja fẹ́ràn jù, “Dutch” ni wọ́n ń pè é. Ẹja Áfíríkà ni ó rìnrìn àjò lọ sí Netherlands, ó padà dé, a sì ń kí i káàbọ̀ bí òyìnbó.

Ẹ̀pìyà náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1939, ọkùnrin kan ní agbègbè Blitar ní Java, Mujair ni orúkọ rẹ̀, rí ẹ̀yà ẹ̀pìyà Áfíríkà kan ní ibi tí odò ti ń wọ òkun, ó gbé e délé, ó sì fi sùúrù sìn ín títí ó fi mọ́ omi adágún lára. Títí di òní olónìí, mujair ni orúkọ ẹja náà ní gbogbo Indonesia. Ní ọdún 1965, Akihito, ọmọ ọba Japan, fi 50 ẹ̀pìyà odò Nile ta Bhumibol, ọba Thailand, lọ́rẹ. Pla nin ni àwọn ará Thailand ń pè é, ó sì ti di ẹja mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1988, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ICLARM, tí ó wà ní Philippines nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀pìyà láti Íjíbítì, Gánà, Kẹ́ńyà àti Senegal lọ sí ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n lè máa yan èyí tí ó ń yára dàgbà lára wọn. Áfíríkà ni ó ni ẹja, àwọn ni wọ́n jókòó tì í.

Kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n fún un. Wọ́n fún un ní ìwé. Òfin kan wà ní Indonesia, òfin nọ́ńbà 24 ti ọdún 2009, tí ó ní èdè Indonesia ni kí a máa fi kọ iṣẹ́ ìmọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe ìwádìí lórí oúnjẹ lele, èdè tí wọ́n fi ń ta lele lọ́jà ni ó sábà máa ń fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ní Vietnam, Yunifásítì Cần Thơ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1966 ní ẹ̀bá ẹnu odò Mekong, ní ìwé ìròyìn ìmọ̀ ní èdè Vietnam, tí a ti ń kà nípa cá tra, ẹja tí wọ́n ń sìn jù ní agbègbè náà. Ẹja wẹ́wẹ́ àti eèrí ìrẹsì tí wọ́n pò pọ̀ nílé ni àwọn olùsìn ẹja ibẹ̀ fi ń bọ́ cá tra tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó bọ́ sórí oúnjẹ oníhóró tí ẹ̀rọ ń ṣe. A kò sọ pé wọn kì í kọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń kọ ọ́ fún àwọn ará ìta. Ti ilé sì wà fún ilé.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan ti ń mi orí báyìí. Wọn á ní, “Tiwọn yàtọ̀; Yorùbá le kọ, àmì orí rẹ̀ ti pọ̀ jù.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ dá a lóhùn. Èdè olóhùn ni èdè Vietnam, gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ohùn mẹ́ta ni a ní. Àwọn ará àríwá Vietnam ní mẹ́fà. Cá ni ẹja lọ́dọ̀ wọn. Bí o bá fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é, tí o ní cà, ìgbá ni o ń sọ, irú èyí tí a fi ń se ọbẹ̀. Àwa tí a ní ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ṣé ẹ kò rí i pé ọmọ ìyá ni wá nínú ọ̀ràn yìí? Lẹ́tà òyìnbó ni wọ́n ń lò bíi tiwa, àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n fi lélẹ̀ fún wọn bíi tiwa. Ọdún 1651 ni ìwé atúmọ̀ èdè Alexandre de Rhodes jáde ní Róòmù, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kọ jáde ní ọdún 1843. Àmì wà lórí, àmì wà nísàlẹ̀, nígbà mìíràn méjì gun orí lẹ́tà kan ṣoṣo. Wọ́n ń tẹ gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan, nínú ìwé ẹja, nínú ìwé òfin, lára àpò oúnjẹ ẹja. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé àmì ni kò jẹ́ kí ìmọ̀ wọlé.

Òmíràn á ní, “Kò sí ọ̀rọ̀ fún un ní Yorùbá.” Kò sí èdè tí a bí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ́. Ní ọdún 1956 ni àwọn ará Malaya, tí wọ́n di Malaysia lẹ́yìn náà, dá ilé-iṣẹ́ Dewan Bahasa dan Pustaka sílẹ̀, pé kí wọ́n jókòó máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1972, àwọn àti Indonesia fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè wọn sílẹ̀. Àwa náà kò kúkú sùn. Ní ọdún 1984 àti 1990, àwọn àgbà wa mú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní apá méjì, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni fóníìmù àti mọ́fíìmù ti gba orúkọ Yorùbá, ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ti rí ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láti fi sọ̀rọ̀ nípa èdè, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbẹ̀. Yorùbá wá di èdè tí a fi ń ṣe ìwádìí nípa Yorùbá. Ọ̀dọ̀ àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá nìkan ni a ti lè fi èdè yìí kọ iṣẹ́ àṣekágbá. Ẹni tí ó ń kọ́ ẹja kò bá wa pàdé, àwa náà kò bá a pàdé. A ń gbé inú ọgbà kan náà bí àjòjì méjì.

Ẹnì kan tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ń ṣe ohun tí ó yẹ kí ó dójú tì wá díẹ̀. Roger Blench, onímọ̀ èdè ará Britain, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ọ̀rọ̀ àwọn èdè Plateau sílẹ̀, ó sì tún ń ṣe ìwádìí lórí àwọn èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Òkè wa níbí àti òkè ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ kan náà ni ó fi mú méjèèjì. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó ṣòro fún àwa láti fi ọwọ́ kan mú Yorùbá àti ẹja?

Òmíràn tún kù, ó sì lágbára ju àwọn ti ìṣáájú lọ. Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Bẹ̀róòmù, àwọn Afizere àti àwọn Anaguta ni onílẹ̀. Haúsá ni a fi ń nájà ní Katako. Kí ni a fẹ́ fi ìwé ẹja Yorùbá ṣe níbẹ̀? A kò ní í fi ẹnu wẹ́wẹ́ dá èyí lóhùn, nítorí ìtàn Indonesia pàápàá kò gbè wá tán. Ní ọdún 1928, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wọn búra pé èdè kan ni wọn yóò gbé ga, àwọn ará Java ni wọ́n pọ̀ jù láàárín wọn, síbẹ̀ kì í ṣe èdè Java ni wọ́n mú. Èdè Malay ni, èyí tí a ti fi ń nájà ní èbúté kan sí èkejì tipẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn tọkàntọkàn ní Jọ́ọ̀sì, Haúsá ni yóò kọ́kọ́ mú. A gbà. Kí àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ó ń sọ Haúsá kọ tiwọn, kí àwọn ọmọ Bẹ̀róòmù kọ tiwọn, a ó sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó wà lọ́wọ́ tiwa. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń lọ̀ oúnjẹ ẹja wà ní Katako, ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní Ìlọrin, ní Ọ̀ṣogbo, ní Ìjẹ̀bú-Òde; wọn kò lè dúró de ìgbà tí a bá parí àríyànjiyàn.

Ìjọba ńkọ́? Ní oṣù November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní wọ́n ti fagi lé e. Ọdún mẹ́ta péré. Àrọ̀ tí a bá kó sínú adágún lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ì bá ti dàgbà ní ìgbà mélòó kan kí wọ́n tó pa á rẹ́. A kò ní í jókòó ti ìyẹn.

Ohun tí a ń béèrè kò tó nǹkan. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí ohunkóhun tí ará ilé rẹ̀ lè lò, ìbáà jẹ́ oúnjẹ ẹja, ìbáà jẹ́ ẹ̀pà tí ó bu tí aflatoxin fi wọ inú kúlíkúlí, kí ó kọ ojú ewé méjì ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì tó pé, kí ó sì kà á sí etí ẹni tí yóò lò ó kí ó tó gbé e wá fún wa. A ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka Yorùbá, ẹ̀yin ni ẹ ó bá wọn tún àmì ṣe. Ẹ má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

A ti dán an wò fúnra wa. A kọ ojú ewé kan lórí sóyà, a mú un lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìyá ní Katako, a kà á sí i létí. A kọ ọ́ pé “kí a fi ooru tọ́jú sóyà fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.” Ìyá ní ta ni yóò gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò? Ó ní kí a kọ ọ́ pé kí a máa rò ó títí èèpo rẹ̀ yóò fi máa bó, tí òórùn tútù yóò kúrò níbẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n láìjẹ́ pé ó dúdú. Ó ní kí a bu ọ̀kan sẹ́nu: bí ó bá ṣì ń ṣe bí ẹ̀wà tútù, kò tí ì jinná. A pa tiwa rẹ́, a kọ tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó gbọ́ Haúsá dáadáa kọ ti Haúsá sí abẹ́ rẹ̀. Ó wà lára ògiri ìdí ẹ̀rọ náà báyìí, ìyẹ̀fun ti bò ó díẹ̀.

Bí a ṣe ń dìde, ìyá pè wá padà. Ó ní, “Ẹ tún bá mi wo ti ọyẹ́. Nígbà tí omi bá tutù báyìí tí ẹja ò fẹ́ jẹun, ìgbà mélòó ló yẹ kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ lójúmọ́?” Ohun tí a rí nínú ìwé ni pé omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, láàárín ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni àrọ̀ fẹ́ràn jù, àti pé bí òtútù bá ti mú un, oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, nítorí náà kí a dín in kù. Ti Ìbàdàn àti ti Èkó nìyẹn, níbi tí omi kì í tutù bíi tiwa. Ti orí òkè yìí, ti òru December nínú àpótí pákó àti tapólì, ni ìyá ń béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko àti ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀gbìn, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti wọn omi ní àkókò ọyẹ́, tí ó sì ti rí iye tí ẹja ń jẹ, kí ó gbé e wá fún wa kí ọyẹ́ mìíràn tó dé. A ti ra pákó tuntun.